Ọjọ́ méje lọ́nà oníyìnyín, kámẹ́rà lórí ìjókòó ẹ̀yìn

Ọjọ́ kìíní

Aago méje àárọ̀ la gbéra. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n òtútù tó hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́ 9 nísàlẹ̀ òdo. Ọjọ́ méje la fẹ́ fi rin ọ̀nà òkè kan tó la igbó kọjá, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí adágún ńlá kan po. Ohun kan ṣoṣo ló gbé mi kúrò nílé: ehoro tó máa ń di funfun nígbà òtútù. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá a. Mo ti rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti rí ìgbẹ́ rẹ̀, mi ò tíì rí òun fúnra rẹ̀ kó dúró fún mi.

Kí wákàtí méjì tó pé, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa kan bọ́ sójú ọ̀nà níwájú wa. Kò sáré. Ó dúró sétí yìnyín, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó ń wò wá. Àbúrò mi rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró. Kámẹ́rà mi wà ní búùtù, nínú àpò, síìpù méjì ló pa á dé, ìdérí wà lójú lẹ́ǹsì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí búùtù. Síìpù kejì ni mo ń fà lọ́wọ́ tí mo gbọ́ ohùn àbúrò mi látinú ọkọ̀: "Àǹtí mi, ẹ má wulẹ̀ yọ ọ́ mọ́. Ó ti wọ igbó."

Mo lọ wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín. Wọ́n tò tẹ̀léra lórí ìlà kan ṣoṣo, bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ó dùn mí wọra. Kì í ṣe pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ohun tó dùn mí ni pé ó fún mi láyè, èmi ni mi ò múra sílẹ̀.

Nígbà tí a dé ibi tí a ó sùn, mo jókòó sínú ọkọ̀ fún bíi ìdajì wákàtí, mo ń wá ibi tí kámẹ́rà máa wà. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù kò dára: oòrùn ń mú un níbẹ̀, hítà sì ń fẹ́ sí i lára, bí bíréèkì bá sì le, òkúta ló dà yẹn. Orí itan mi ńkọ́? Àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà ìjàm̀bá wà níwájú mi, mi ò fẹ́ kí irin kan wà láàárín èmi àti ẹ̀. Ilẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó mi ni mo wá rò, àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kan ibẹ̀ tí mo rí i pé abẹ́ ìjókòó gan-an ni hítà ti ń fẹ́ ooru sẹ́yìn. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ló kù, lẹ́yìn awakọ̀, níbi tí ọwọ́ mi lè dé tí mo bá yí ara padà. Àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣí sókè ni mo kó o sí, mo ki bẹ́líìtì bọ ọwọ́ àpò náà, mo fi aṣọ dúdú kan bò ó kí olè má bàa rí i láti ìta. Ìdérí lẹ́ǹsì wọ inú àpò kóòtù mi. Agboòrùn kékeré ojú lẹ́ǹsì ló máa dáàbò bò ó.

Mo ṣètò kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ìyára rẹ̀ wà ní ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, kí ohun tó ń sáré má bàa rí bàìbàì. Ihò lẹ́ǹsì ṣí dáadáa, kámẹ́rà ló máa yan ISO, ìyẹn bí ojú rẹ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó, fúnra rẹ̀, mo sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀ nítorí yìnyín. Gbogbo ohun tí ìka tó ti kú fún òtútù kò ní lè ṣe ni mo ti ṣe tán.

Òfin kan wà láàárín èmi àti àbúrò mi tí a kì í dà: ẹni tó ń wakọ̀ kì í fọwọ́ kan kámẹ́rà, ẹni tó gbé kámẹ́rà kì í pariwo "Dúró!" Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Nǹkan wà lápá ọ̀tún." Òun ló máa wo ẹ̀yìn, òun ló máa wá ibi tó ṣeé yà sí. Bíréèkì òjijì lórí yìnyín, inú kòtò ló ń gbéni lọ.

Ọjọ́ kejì

Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́jú, nínú ọgbà tí wọ́n tì. Òtútù tó gbẹ kì í pa á. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni kámẹ́rà kọ ọ́ pé láti 0 dé 40 lórí ìwọ̀n Celsius ni kí a ti lò ó, àmọ́ ẹni tó bá ya fọ́tò nínú yìnyín mọ̀ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ kọjá ibẹ̀. Bátìrì ni mi ò rò. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú kámẹ́rà, méjì tó kù wà nínú àpò kan náà.

Ilẹ̀ mọ́, 14 nísàlẹ̀ òdo. Ìrì ti dì sára gbogbo ẹ̀ka igi lẹ́bàá adágún, funfun kinkin, ó hu bí irun. Bátìrì hàn pé ó kún. Mo ya fọ́tò 39, ó di pupa, ó kú. Mo fi èkejì sí i, kò ju iṣẹ́jú mẹ́rin lọ, òun náà kú. Èkẹta kò tilẹ̀ tan rárá.

Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ apá, sínú ẹ̀wù tó kan ara gan-an. Àbúrò mi rò pé mo ti sọ wọ́n nù. Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, mo dá ọ̀kan padà sínú kámẹ́rà: ó lé ní ìdajì dáadáa.

Bátìrì lithium-ion ni gbogbo wọn, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991. Ọdún 2019 ni John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti fojú inú wò. Àwọn ẹyọ lithium, irin fífúyẹ́ kan, tí wọ́n kéré débi tí ojú kò lè rí wọn, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi oògùn kan, láti òpó kan lọ sí òpó kejì. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni iná ń jáde. Tí òtútù bá mú, omi yẹn á ki bí ògì, ìrìn wọn á fà. Kámẹ́rà béèrè iná lójijì, bátìrì kò lè tètè gbé e wá, agbára rẹ̀ já wálẹ̀, kámẹ́rà sì rò pé ó ti tán. Kò tán. Ó há ni. Ìdí nìyẹn tí ara gbígbóná fi ń jí i.

Ohun kan wà tó burú ju kó kú lọ: kí a ki bátìrì tó tutù ju òdo lọ sẹ́nu ṣájà. Lithium á wá di irin sára òpó dípò kó wọ inú rẹ̀, ìbàjẹ́ yẹn kì í sì í ṣeé tún ṣe. Mo ti rí ẹni tó ń ṣáàjì nínú ọkọ̀ ní kété tó wọlé látinú yìnyín. Ẹ jẹ́ kó móoru ná.

Láti òní lọ, ọ̀kan ló máa wà nínú kámẹ́rà, méjì á wà ní àyà mi, lábẹ́ ẹ̀wù mẹ́ta, pẹ̀lú ìdérí wọn kí kọ́kọ́rọ́ má bàa kan ẹnu irin wọn. Mo fi bébà àlẹ̀mọ́ sára èyí tí mo ti lò. Lálẹ́, bátìrì á bá mi wọ yàrá, kámẹ́rà á sùn síta. Ara kámẹ́rà ló ń fẹ́ òtútù, bátìrì ló ń fẹ́ ooru. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé nǹkan méjì ni wọ́n.

Ọjọ́ kẹta

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àríyànjiyàn lórí hítà. Òtútù ń mú àbúrò mi, ó sì tọ́ sí i kó tan án, òun ló ń wakọ̀. Èmi ò sì fẹ́ kí kámẹ́rà gbóná. Bí yìnyín bá bọ́ sára kámẹ́rà tó tutù, ó dà bí ìyẹ̀fun, atẹ́gùn ẹnu lásán tó láti gbọ̀n ọ́n dànù. Àmọ́ tó bá bọ́ sára èyí tó gbóná, ó máa yọ́ ni, omi á wọ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, lẹ́yìn náà á dì síbẹ̀. Níkẹyìn a gbà pé kí ooru lọ sí ẹsẹ̀ awakọ̀ àti gíláàsì iwájú nìkan, kí gíláàsì ẹ̀yìn ṣí ní ìwọ̀n ìka kan.

Ibi tí a ń lọ ni mo ti rí lánàá: ibi ìyàsọ́nà kan tí àwọn igi kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí nǹkan ti jẹ orí wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀ wo ẹ̀ka náà lánàá. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e mọ́ tónítóní, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ mú un. Ehoro nìyẹn. Àgbọ̀nrín kì í gé e bẹ́ẹ̀; kò ní eyín iwájú lókè, fífà ló máa ń fà á ya, ojú ẹ̀ka á sì rí jákujàku.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la dé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Àbúrò mi pa ọkọ̀. Mo ká táwẹ́ẹ̀lì sétí fèrèsé, mo yí gíláàsì wálẹ̀ pátápátá, mo gbé lẹ́ǹsì gígùn lé e. Mo ya kùkùté kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán láti dán an wò. Ó rí bàìbàì. Mo tún un yà, kò mọ́ síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé lẹ́ǹsì ló ń ṣe mí báyìí, àfi ìgbà tí mo wo inú kámẹ́rà fún ìgbà pípẹ́ tí mo rí i pé kùkùté náà ń gbọ̀n, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo nǹkan láti òdìkejì iná. Ooru inú ọkọ̀ ló ń jáde lójú fèrèsé, ó ń pàdé òtútù níwájú lẹ́ǹsì gan-an. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti tútù kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà, nítorí náà ohun tó gba àárín wọn kọjá á máa mì. Kò sí owó lẹ́ǹsì tó lè wo ìyẹn sàn.

Gbogbo gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ṣí. A jókòó, kí inú ọkọ̀ àti ìta lè di ọ̀kan náà. 11 nísàlẹ̀ òdo.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n tan hítà díẹ̀?"

"Dákun, fara dà á fún mi. Díẹ̀ ló kù."

Ó fa aṣọ ìbora bo orí. Mo mọ rírì rẹ̀ ju bí mo ṣe sọ fún un lọ.

Ọkọ̀ ni ibùba tó dára jù tí mo mọ̀. Ẹranko tó máa fò sá lọ ní kété tó bá rí ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń jẹun lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ti dúró, tí kò bá ti gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú, nítorí ariwo rẹ̀, àti nítorí pé bó ṣe ń gbọ̀n ọkọ̀ ló ń gbọ̀n lẹ́ǹsì tó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì: tín-ín-rín nínú, èyí tó nípọn níta. Èyí tó nípọn ni mo máa ń bọ́ tí mo bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì. Èémí mi ló dà mí láàmú jù. Mo mí sára ihò tí mo ń fojú wò lẹ́ẹ̀kan péré, ó di funfun, ó sì dì lójú ẹsẹ̀. Èékánná ni mo fi há a kúrò díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà mo ń mí sí ẹ̀gbẹ́, tí mo bá sì fẹ́ wo inú kámẹ́rà, mo dá èémí dúró.

Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni mo rí i pé òkìtì yìnyín kan ní ojú.

Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, lẹ́yìn kùkùté tí mo fi ń dán kámẹ́rà wò. Ojú dúdú kan, tó yí roboto. Lẹ́yìn náà mo rí ṣónṣó etí méjì, dúdú bí ẹni ti wọ́n bọ inú tàdáwà. Ìyókù ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilẹ̀. Mo na ọwọ́ kan àbúrò mi lápá, kò béèrè ohunkóhun, kò mira. Ehoro náà gbé ara sókè, ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nu imú, ó fò lẹ́ẹ̀kan sórí yìnyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀ka igi. Mo ń gbọ́ ìró eyín rẹ̀. Pátákó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi púpọ̀ ju ara rẹ̀ lọ, irun bò ó, kò rì.

Mo ya 61. Yìnyín máa ń tan kámẹ́rà jẹ: ìdíwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ gbà pé gbogbo ayé fẹ́ jẹ́ àwọ̀ eérú, tó bá wá rí ilẹ̀ tó funfun pátápátá, ó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù títí yìnyín á fi dà bí eérú lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi kún un, láti ìwọ̀n kan sí méjì. Lónìí ìwọ̀n kan àti díẹ̀ ló tó. Tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, irun ehoro á parẹ́ sínú funfun, a ò ní rí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ní ilà bíráùn kan tín-ín-rín. Kì í ṣe yìnyín ló ń sọ fún ehoro pé kó pààrọ̀ irun. Bí ojúmọ́ ṣe ń kúrú ni ara rẹ̀ ń kà. Tí yìnyín bá pẹ́ dé lọ́dún kan, yóò ṣì funfun lórí ilẹ̀ tó dúdú, gbogbo ẹyẹ ọdẹ á sì máa rí i. Ìyẹn ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nígbà tí mo bá rò ó.

Ó lọ nígbà tó wù ú. Àbúrò mi tan ọkọ̀, a yí gíláàsì sókè, a ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin

Ìjì yìnyín. A ò rìn. Ẹ̀ẹ̀mejì la jáde lọ gbá yìnyín kúrò lára ọkọ̀, pàápàá lẹ́nu páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Ẹni tó bá ń jókòó sínú ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láti dúró de ẹranko gbọ́dọ̀ máa yẹ ibẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà, torí èéfín tí kò rọ́nà jáde á wọ inú ọkọ̀, gáàsì olóró inú rẹ̀ (carbon monoxide) kò sì ní òórùn tí yóò fi kìlọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún

Ọjọ́ tí mo ṣe àṣìṣe jù nìyí, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí.

Láàárọ̀ mo ti ya àwọn igi tí ìjì tẹ̀ wálẹ̀. Ní ọ̀sán a dúró níbi kan tí arìnrìn-àjò ti lè wọlé yá iná. Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi. Mo wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kíákíá, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n tó dé ìdí iná, lẹ́ǹsì ti funfun. Ìrì bo gbogbo ara kámẹ́rà, ó ń ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì. Mo fi etí aṣọ nù ún, ó tún bò ó. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe èyí tó burú jù: mo rò pé inú ló ti ń wá, mo yọ lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà láti nù ún. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún ọ̀rinrin yẹn láti wọ ibi tí kò yẹ kó dé. Gíláàsì kékeré tó bo ojú tí kámẹ́rà fi ń ríran di funfun níṣojú mi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ju ti ife omi tútù tó ń làágùn lọ. Afẹ́fẹ́ inú yàrá tó wà ní ìwọ̀n 20, tó gbé ìdajì ọ̀rinrin tó lè gbé, máa ń sọ omi rẹ̀ kalẹ̀ sára ohunkóhun tí kò bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 9. Kámẹ́rà mi wà ní 12 nísàlẹ̀ òdo. Yóò gùn ún láti ibẹ̀ dé 9, ní gbogbo ìgbà tó bá sì ń gùn ún ni ìrì á máa sẹ̀ sí i lára. Nínù kò ràn án. Sísá a sí iwájú hítà kò ràn án, ìyẹn á tún lé omi wọ inú lọ ni. Tí mo bá sì gbé e padà síta bẹ́ẹ̀, omi náà á di yìnyín láàárín àwọn ohun tó ń yí nínú lẹ́ǹsì.

Mo yọ bátìrì, mo yọ káàdì, mo gbé e sórí tábìlì jìnnà sí iná, mo jókòó tì í. Wákàtí mẹ́ta. Lójú fèrèsé, oòrùn ń wọ̀ lórí adágún, yìnyín pọ́n bí epo, lẹ́yìn náà ó di elésè àlùkò. Àbúrò mi jáde lọ wò ó. Ó padà wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Àǹtí mi, ó rẹwà." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wilson Bentley ni mo ń rò níbi tí mo jókòó sí. Àgbẹ̀ ni, ní Jericho, ní Vermont, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 1885 ló kọ́kọ́ rí àwòrán ẹyọ yìnyín kan ṣoṣo yà, ó so kámẹ́rà mọ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Kó tó kú ní 1931, ó ti ya ju 5000 lọ. Inú abà tí kò ní iná ló ti ń ṣe é. Dandan ni, yìnyín á yọ́. Àmọ́ mo rí i lónìí pé kámẹ́rà rẹ̀ náà ń jèrè níbẹ̀: òun àti yìnyín jọ wà nínú òtútù kan náà, kò sí ìrì tó lè bò ó.

Àwọn ọ̀rá onísíìpù wà nínú ẹrù mi. Mo ti kó wọn wá fún èyí gan-an. Kí ènìyàn tó wọlé, níta níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, kó ki kámẹ́rà sínú ọ̀rá, kó fún afẹ́fẹ́ jáde, kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìrì á sẹ̀ sára ọ̀rá, kò ní kan kámẹ́rà. Mo mọ̀ ọ́n. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ni ọ̀rá náà wà nígbà tí mo wọlé.

Ọjọ́ kẹfà

21 nísàlẹ̀ òdo, òtútù tó le jù nínú ìrìn àjò yìí. Mo dán kámẹ́rà wò kí ilẹ̀ tó mọ́: ó ṣiṣẹ́. Ara mi balẹ̀.

Ojú ìwòran ẹ̀yìn kámẹ́rà ti lọ́ra. Tí mo bá yí i sí ibòmíì, àwòrán àkọ́kọ́ á ṣì dúró díẹ̀ kó tó parẹ́, bí ojú tó ń lọ́ra láti jí. Omi kírísítálì tó wà nínú rẹ̀ náà ti ki. Òrùka lẹ́ǹsì le láti yí, gírísì inú rẹ̀ ti gan. Kò bà jẹ́, ó kàn ń fẹ́ sùúrù, mo sì yí i sí ibi tí mo máa nílò kí ohunkóhun tó yọjú.

Irin tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó jó mi bí iná. Herbert Ponting, ẹni tó bá Scott, olùṣàwárí ará Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, ní 1910 láti ya fọ́tò, sọ pé òun ń la ètè nígbà tí òun ń wo inú kámẹ́rà, ṣónṣó ahọ́n òun kan irin rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó já a gbà, awọ ahọ́n ṣẹ́ kù sára kámẹ́rà. Mo wá aṣọ àlẹ̀mọ́ lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí irin ti lè kan ojú mi.

Aago mẹ́jọ, a ń rọra lọ létí adágún. "Nǹkan wà lápá òsì, lórí omi." Àbúrò mi wo dígí ẹ̀yìn, ó tan iná ìkìlọ̀, ó yà síbi tí wọ́n ti ro yìnyín kúrò, ó pa ọkọ̀. Ọwọ́ mi ti wà lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀. Aṣọ dúdú kúrò, bátìrì gbígbóná láti àyà wọlé, kámẹ́rà tàn. Fèrèsé awakọ̀ ló kọjú sí wọn, ó ti yí i wálẹ̀, ó sì ti fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ìjókòó kí n lè ráyè. A ti wakọ̀ láìtan hítà fún ìdajì wákàtí, òun fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá.

Àgbọ̀nrín márùn-ún ń sọdá adágún tó ti dì. Wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn, èyí tó ṣáájú ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń dán ilẹ̀ wò. Èémí wọn ń jáde ní funfun, oòrùn wà lẹ́yìn wọn, nítorí náà èémí kọ̀ọ̀kan ń tàn. Èyí tó gbẹ̀yìn dúró ní àárín adágún, ó yí orí padà sí ọ̀dọ̀ wa. Ìrì ti dì sí irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

Mo ya mẹ́tàdínlógún kí bátìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi gbé ojú sókè, wọ́n ti dé etí kejì.

"Ṣé ẹ rí wọn yà?" Ó ṣì fẹ̀yìn lélẹ̀ síbẹ̀.

"Mo rí wọn yà."

Ọjọ́ keje

Ilé. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo yọ káàdì. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù: káàdì gbọ́dọ̀ jáde kí ọ̀rá tó padé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ á máa yún yín láti ṣí i kó tó gbóná. Mo tún yọ bátìrì. Mo ki kámẹ́rà sínú ọ̀rá kan, lẹ́ǹsì gígùn sínú òmíràn, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Mo fún afẹ́fẹ́ jáde, mo pa ẹnu wọn dé, níta gbangba, kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Mo gbé wọn sórí ilẹ̀ ní yàrá tó tutù jù nínú ilé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ìrì ti bo ọ̀rá méjèèjì títí mi ò fi rí ohun tó wà nínú wọn mọ́.

Àbúrò mi ti kó kọ̀ǹpútà sílẹ̀. A ki káàdì sí i. Ehoro ló kọ́kọ́ wá, ọ̀kan tí gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere, irun etí rẹ̀ ṣeé kà. Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó wò ó títí.

"Níbo ló wà?"

Mo fi ìka kan ojú dúdú náà.

Nígbà tí a wo gbogbo rẹ̀ tán, mo padà lọ fọwọ́ kan ọ̀rá. Ó ṣì tutù. Mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀.